Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì Í Pa Arọ
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lórí ààbò ilé-ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kò jẹ mọ́ ìbò. Ọ̀rọ̀ ògiri àti òrùlé tí àwọn ọmọ wa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà àríwá Pakistan. Àárọ̀ Sátidé ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni Sátidé lọ́dọ̀ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ wó lu àwọn ọmọ níbi tí wọ́n jókòó sí. Àwọn tí ó kú lé ní 70,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015, ilẹ̀ mì ní Nepal nígbà tí ọ̀sán ń pọ́n bọ̀. Sátidé ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi ni níbẹ̀. Àwọn tí ó kú súnmọ́ 9,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wó tàbí tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ní kíláàsì. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹ̀mí ọmọ dúró lórí ọjọ́ tí àjálù bá bọ́ sí?

Nepal kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bí àwa. Síbẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ẹnjiníà wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí fi irin àti sìmẹ́ńtì di àwọn ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní àmùrè. Wọ́n kọ́ àwọn bíríkìlà abúlé ní iṣẹ́ náà, àwọn ará abúlé sì ń fi í kọ́ ilé ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti tún ṣe báyìí dúró, àwọn ará àdúgbò sì sá sí òmíràn nínú wọn. Ní ti àwọn tí ó wó, wọ́n fi ọparun àti páànù pa àtíbàbà, ẹ̀kọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún.

Ní tiwa, ìjì àti àgbàrá ni a mọ̀ jù. Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Èkó kò gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé alájà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, tí ó sì pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí òjò tó dé, kí òbí àti tísà, bíríkìlà àti káfíńtà, yí ilé-ẹ̀kọ́ ká. Ògiri tí ó sán, igi òrùlé tí ikán jẹ, gọ́tà tí ó dí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Títí ìdáhùn yóò fi dé, kí ọmọ má ṣe wọ kíláàsì náà. Èkejì, kí olúkúlùkù ọmọ mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde àti ibi tí yóò dúró sí, kí tísà lè fi rẹ́jísítà kà wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí a ti yan ibi tí ẹ̀kọ́ yóò ti máa bá a lọ bí ilé bá wó, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí gbọ̀ngàn ìlú. Nítorí ọmọ tí ó bá pẹ́ nílé, ó ṣòro kí ó tó padà sídìí ìwé.

Àwọn kan yóò wí pé owó kò sí. Òtítọ́ ni pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ìṣó àti sìmẹ́ńtì kò tó owó pósí, kò sì sí iye tí a lè fi ra ọmọ tí ó ti lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwa ti gbọ́. Ó kù kí a gbọ́n.