Kí A Tó Ṣí Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìlú New York

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà, ẹsẹ̀ ń ro yín. A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé nọ́ọ̀sì ni ẹgbẹ́ ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí a tó wá sí ìlú yìí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ni a kọ́. Ṣùgbọ́n àwa ni ìgbìmọ̀ ní kí a dúró ti àtúnṣe kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni a fi jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tí a rí níbẹ̀, tí a sì fi ọwọ́ ara wa ṣe, ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀yin náà mọ kọ̀ǹpútà tí à ń wí. Ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ rà á, Windows 98 ni ó wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni akọ̀wé wa àtijọ́ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí, àti owó ìrànwọ́ ìsìnkú tí olúkúlùkù dá títí di 2008. Ìwé tí ó jẹ́ ìkejì rẹ̀ ti bá omi lọ ní October 2012, nígbà tí ìjì Sandy ti omi òkun wọ ìlú yìí, tí omi sì kún ìsàlẹ̀ ilé tí a kó ìwé náà sí. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wá béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀ tí ó dolóògbé, a ní kí a wo àkọsílẹ̀. A tan kọ̀ǹpútà, kò tàn. Ìyá náà jókòó, ó ń wò wá.

Àwọn kan ní kí a gbé ẹ̀rọ náà sọ sí ẹ̀bá títì. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ dáadáa ni, sáré mú sukudiráfà, ó fẹ́ ṣí àpótí iná tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Okùn iná ṣì wà lára ògiri. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà ni ó di ọ̀rọ̀ òní.

Ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń dáàbò bò

Ẹ̀rọ ṣeé rà, ènìyàn kò ṣeé rà. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Pípa á nìkan kò tó. Àwọn kọ̀ǹpútà irú ti ATX, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1995, kì í sùn tán. Bí okùn wọn bá ṣì wà lára ògiri, iná 5 volt ṣì wà lórí motherboard wọn bí a tilẹ̀ ti pa wọ́n. Lẹ́yìn tí a bá yọ okùn, kí a tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì kí ìyókù iná lè jáde, kí a sì ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú ìyẹn, irú ti AT, ní ewu tiwọn. Iná ilé gan-an, 120 volt, ni ó sábà máa ń gba inú okùn wá sí bọ́tìnnì ńlá tí ó wà níwájú wọn. Ẹni tí ó bá ṣí wọn láìyọ okùn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré.

Power supply ni àpótí irin tí okùn iná ń wọ̀. A lè yọ odidi rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í ṣí inú rẹ̀. Àwọn capacitor tí ó wà níbẹ̀ ń tọ́jú iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Iná náà lè ju 300 volt lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn. Bí ó bá bàjẹ́, odidi ni a ń pààrọ̀. Èyí tí ó sì ní gíláàsì onídìí ńlá, bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná inú gíláàsì aláwọ̀ lè lé ní 20,000 volt. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe ṣí èyí tí gíláàsì àti ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo, bíi Macintosh Plus ti 1986 àti Macintosh Classic ti 1990. Ẹ gbé irú wọn fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ènìyàn, ẹ̀rọ

Gbogbo wa mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà òtútù ní New York. Ẹ̀rọ amúlé-gbóná ti gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, a rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, a fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ta wá jí. Kí ó tó ta wá bẹ́ẹ̀, iná ara wa ti tó nǹkan bí 3,000 volt. Kò lè pa wá, nítorí pé ó kéré, kò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀, tí àwa kò tilẹ̀ ní mọ̀ lára, lè ba àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Nígbà mìíràn kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè di oṣù díẹ̀ kí ó tó yọnu.

Nítorí náà, kí a ṣiṣẹ́ lórí tábìlì onígi, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí a bọ́ agbádá, kí a bọ́ súwẹ́tà onírun, kí a yọ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Okùn ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí: a ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, a ó sì fi ẹnu rẹ̀ kejì há irin ara kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí, kí a máa fọwọ́ kan irin náà léraléra. Ohun tí a bá yọ, etí rẹ̀ ni kí a dì mú, kí a má fọwọ́ kan ojú wúrà rẹ̀.

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, a máa ń ka gbogbo irinṣẹ́ àti òwú kí dókítà tó rán ara aláìsàn pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe níbí. A fi fóònù ya fọ́tò inú ẹ̀rọ náà kí a tó yọ okùn kankan. A fi bébà kékeré kọ orúkọ mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan. A ka sukúrù sínú àwo. Nígbà tí a ó fi parí, kò sí ọ̀kan tí ó ṣẹ́kù.

Bí a ṣe pààrọ̀ wọn

Ohun tí a kọ́kọ́ yọ ni hard disk, nítorí òun ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà. A fi okùn tí ó ń so hard disk àtijọ́ mọ́ USB gbé e wọ kọ̀ǹpútà tuntun, a sì da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ohun gbogbo bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀dà ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí akọ̀wé wa fi kọ ìwé náà ti pẹ́ jù, kọ̀ǹpútà tuntun kò lè ṣí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti jí arúgbó náà.

A pààrọ̀ power supply. Ti ATX, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ṣeé fi sódì. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ti AT, púlọ́ọ̀gì méjì ni ó ń wọ motherboard, wọ́n sì lè ṣi ara wọn wọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ rántí: àwọn okùn dúdú ti apá méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé láàárín. Bí wọ́n bá wà ní ìkángun, motherboard lè jóná.

A tan án, ó ń dún pì pì pì, kò fi nǹkan hàn. A tún yọ okùn iná, a pààrọ̀ RAM. Irú tirẹ̀ ní ojú 168, àlàfo méjì sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ bá ti ihò rẹ̀ mu. A tẹ̀ ẹ́ wọlé tààrà títí etí méjèèjì fi pa dé. Èyí tí ó dàgbà jù ú lọ, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 72, dídùbúlẹ̀ díẹ̀ ni a ń fi í wọlé, kí a tó gbé e dìde. Bí kò bá wọ̀, ẹ má fi agbára sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Okùn pẹlẹbẹ tí ó ń lọ sí hard disk ní ìlà pupa ní etí kan. Ìlà náà ni ó ń fi ibi tí a kọ 1 sí hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn pàdé.

Bátìrì kékeré

Nígbà tí ó tàn, aago rẹ̀ ti padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bátìrì rẹ̀ ni ó ti kú, CR2032, 3 volt, tí ó rí bí owó ẹyọ. Kí a tó yọ ọ́, a ya fọ́tò àwọn ètò tí ó wà nínú BIOS, nítorí wọ́n lè pa rẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ ní bátìrì tí wọ́n jó mọ́ motherboard. Ó máa ń jò, omi rẹ̀ sì máa ń jẹ irin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ẹ̀yin ìyá, ibi yìí ni iṣẹ́ tiwa gan-an wà. Bí a ti gbé bátìrì àtijọ́ náà sórí tábìlì, ọmọ ọdún méjì kan na ọwọ́ sí i. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà wí. Bátìrì yìí, bí ó tilẹ̀ ti kú fún kọ̀ǹpútà, ó ṣì ní iná tí ó lè pa ọmọ. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná rẹ̀ yóò sọ itọ́ ọmọ di omi tí ó le bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Láàárín wákàtí méjì ó lè jó ọ̀fun náà gidigidi. Ọmọ lè má sunkún. Ó lè dà bí ẹni pé òtútù ló mú un.

Bí ẹ bá fura, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Ẹ má ṣe mú kí ó bì. Bí ọmọ náà bá ti lé ní ọdún kan, tí ó lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tí ó gbé bátìrì náà mì, ẹ lè máa fún un ní ṣíbí tíì oyin méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ oyin. Oyin kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró nílé. Nọ́ńbà àwọn tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ májèlé ní gbogbo Amẹ́ríkà ni 1-800-222-1222. Bátìrì tí ẹ bá yọ, ẹ fi téèpù wé e tojú tìdí, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Àwọn tí ẹ ń kó ẹ̀rọ lọ sílé

Púpọ̀ nínú wa máa ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ẹ̀yìn power supply rẹ̀. Bí súìṣì pupa kékeré bá wà níbẹ̀ tí a kọ 115 sí, ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó dì í. Iná New York jẹ́ 120 volt, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ìró ìbọn ni yóò gbọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá tàn án. Kí ẹ sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní 2005, Basel Action Network tẹ ìwé kan jáde lórí òkú ẹ̀rọ tí ń wọ Èkó, tí wọ́n ń dáná sun níbẹ̀. Kí a má ṣe fi èéfín òjé ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ wa.

Níbí náà, láti January 1, 2015, òfin ìpínlẹ̀ New York kò gbà kí a da kọ̀ǹpútà mọ́ ìdọ̀tí. Ìjọba ìlú lè bu 100 dọ́là lé ẹni tí ó bá gbé e sí ẹ̀bá títì. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

Ní Sátidé kẹta, ìwé náà ṣí. Orúkọ àwọn bàbá wa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. A wá orúkọ ọkọ ìyá náà. Ó dá owó rẹ̀ lóṣooṣù, kò fo oṣù kan láti 1999 títí tí àkọsílẹ̀ náà fi parí. Ìyá ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun. Ó ká a, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó ní, “Mo ti ń sọ fún yín.” Akápò sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un.

Ní báyìí, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wà ní ibi mẹ́ta, lórí bébà àti lórí ẹ̀rọ, kò sì sí èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé. A bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ọ̀dọ́kùnrin wa tí ó mú sukudiráfà lọ́jọ́ náà, òun náà ni ó de sukúrù ìkẹyìn, okùn iná sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ òsì, kì í ṣe lára ògiri.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Kí orúkọ àwọn tí ó ṣáájú wa má parẹ́.