Kí Ẹ Tó San Owó Ìwé Ìròyìn Kọ̀ǹpútà

Ẹnìkan nínú yín fi voice note ránṣẹ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ san subscription ọdún kan fún ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà, ó ní èwo ni owó òun ò ní ṣòfò lé lórí? Ìbéèrè gidi ni, torí dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, náírà lèmi àti ẹ̀yin sì ń ná.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé náà ṣì ń jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Byte, tí àwọn àgbà máa ń ròyìn, bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ó sì kógbá wọlé ní 1998. PC Magazine fi bébà sílẹ̀ ní 2009, ó kù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. PC World ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2013, Maximum PC àti MacLife náà ní 2023. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà káàdì yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Wired dùn ún kà, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ìtàn ohun tí ẹ̀rọ ń fi ayé ṣe ló pọ̀ níbẹ̀. Kò ní kọ́ yín ní kóòdù. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ìwé ìròyìn àwọn Raspberry Pi, tí wọ́n ń pè ní The MagPi tẹ́lẹ̀, ni kó wò: wáyà, kóòdù, àwòrán, gbogbo ẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ní ìparí 2015, wọ́n lẹ Pi Zero mọ́ iwájú ẹ̀dà 40. Odindi kọ̀ǹpútà kékeré, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 5 nígbà náà, lọ́fẹ̀ẹ́! Irú èènì yẹn ò sí lọ́jà Bódìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń gbé PDF ìwé náà síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti bébà ńkọ́? Èmi ò ní san án. Kí ó tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ọ̀dọ̀ yín, iye tí wọ́n kọ sára laptop inú ẹ̀ ti yí padà. Àmọ́ nínú ti orí fóònù náà, ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé PDF tí mo lè fi pamọ́ ni, àbí inú app nìkan ni màá ti máa kà á? Tó bá jẹ́ inú app nìkan, ọjọ́ tí owó bá tán, gbogbo ẹ̀dà tí ẹ ti san owó rẹ̀ lè tì pa. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n ti kọ auto-renew, kí ẹ pa á. Ẹ̀dínwó oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń fa ojú ẹni mọ́ra, owó gidi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwọ tó o béèrè, má tíì san nǹkan kan. Wa ẹ̀dà The MagPi àtijọ́ méjì sórí fóònù, ṣe iṣẹ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù kan bá kọjá tí o ò tíì ṣí èkejì, ti ọdún kan ò kàn ẹ́ rárá. Bí o bá parí méjèèjì, fi voice note míì ránṣẹ́, ká jọ wo iye tí wọ́n ń gbà.