Fíríì Kì Í Dín Epo Kù: Bí A Ṣe Ń Já Jíà Wálẹ̀ Nínú Mọ́tò Manual

Mo mọ̀ pé automatic ni ọ̀pọ̀ yín ń wà l'Ékòó àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ gbé yín dé Àgọ́-Àmọ́dù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, kí wọ́n ní kí ẹ wa bọ́ọ̀sì manual tó kún fún iṣu lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé eré sísá kọ́ ló nira, dídín in kù ni.

Àṣà kan wà tó ń bí mi nínú. Bí awakọ̀ bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fi jíà sí fíríì, á ní òun ń ṣọ́ epo lò. Epo ti wọ́n lóòótọ́. Nínú mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kàbúrétọ̀, ó lè rí díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń lo injector, tí jíà bá wà nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì máa ń sé epo. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Lórí fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo kó má bàa kú. Èwo ni èrè níbẹ̀?

Èyí tó burú jù ni pé búréèkì nìkan ló kù tó di gbogbo ẹrù yẹn mú. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí, á gbóná, omi búréèkì lè hó, ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ tí mọ́tò kò ní dúró. Àwọn tó tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, n kò mọ ohun tí mo lè wí fún wọn.

Kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ fi búréèkì dín eré kù. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, ẹ já jíà láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹta. Kí ẹ tó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ kan tọ́tù díẹ̀ kí eré ẹ́ńjìnnì lè bá ti táyà mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò á gbọn yín jìgì. Ẹ ó gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì máa ga. Ẹ má bẹ̀rù, òun ló ń di mọ́tò mú yẹn. Tó bá ṣì ń sáré jù, ẹ tún tẹ búréèkì, ẹ bọ́ sí ẹ̀kejì. Ẹ má fò láti ẹ̀kẹrin sí ìkíní o! Ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́, táyà sì lè yọ̀, pàápàá lásìkò òjò.

Àwọn awakọ̀ àgbà máa ń sọ pé jíà tí ẹ fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Mo fara mọ́ ọn, pàápàá lọ́nà tí agbo màlúù ti lè sọdá nígbàkigbà.

Tí ẹ bá wá fẹ́ dúró pátápátá, ẹ má tètè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń gbéra lórí òkè láì yí padà sẹ́yìn, ìyẹn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.