Lẹ́yìn Ọjọ́ Ìkómọ

 

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Houston níbí, èrò kún ilé wa ní ọjọ́ kẹjọ. Oyin, iyọ̀, orógbó, ataare, kò sí èyí tó wọ́n. A jẹ, a mu, a jó. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ku àwa mẹ́ta. Ìyá ìyàwó mi tó yẹ kó wá wẹ ọmọ kò rí físà gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Owó ilé ò mọ̀ pé a bímọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé ìyàwó mi kò ki ọmọ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti gbé e lé ẹsẹ̀ báyìí, "Àjàní ọkọ mi" á ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fún un lọ́mú o, ó ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kó gbàdúrà. Ó ń dùn mí títí dòní pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé àìsàn òyìnbó ni ìdààmú ọkàn tó ń bá ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn tó bí wa lọ́mọ ní orúkọ fún èyí tó le jù nínú rẹ̀: abísínwín. Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi 13 ni irú ìdààmú ọkàn bẹ́ẹ̀ ń bá jà.

Ọmọ náà ńkọ́? Ní 1978, Edward Tronick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ìyá bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, kó wá dákẹ́ lójijì, kó kàn máa wò ó láìrẹ́rìn-ín. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i, á tún gbìyànjú. Bó bá sú u, á gbójú kúrò. Ìgbà tí mo rí fọ́rán irú rẹ̀, omi bọ́ lójú mi, torí mo ti rí i rí nínú yàrá mi. Ẹ rántí ìyá àgbà tó ń fi òrí pa ọmọ lára, tó ń kì í, tó ń dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ lè fi ohùn kékeré yẹn dá a lóhùn. Oúnjẹ ọpọlọ ọmọ nìyẹn.

Ìyá náà ńkọ́? Ní 1954, ní Aró l'Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kan á sì bá aláìsàn wá. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó. Níbí ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, láìsanwó, kò sì kan gbogbo òṣìṣẹ́. Àwa ni abúlé tó kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ lára owó àríyá. Kí ẹnìkan lọ sílé ọlọ́mọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó gbé oúnjẹ lọ, kó gba ọmọ fún wákàtí mẹ́rin, kó sì bi ìyá bóyá ó ń rí oorun sùn bí ọmọ bá sùn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àfáà wa, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì fi ọkọ̀ yín gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá ní òun fẹ́ kú, tàbí òun fẹ́ ṣe ọmọ léṣe, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ pe 911. Bí kò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀, 1-833-852-6262 ń gbé ìpè àwọn ìyá tọ̀sántòru, lọ́fẹ̀ẹ́.

Dókítà tọ́jú ìyàwó mi. Ìyá àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, ń wá wẹ ọmọ láràárọ̀. Oṣù kẹrin ni mo gbọ́ "Àjàní" padà.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ lè yọjú sílé ọlọ́mọ. Ìyàwó mi ti gba alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.