Ohun tí A Kò Kọ Sílẹ̀ Kì í Dé Kòtẹ́milọ́rùn

Bí kóòtù bá dájọ́ lórí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì, tí ìdájọ́ náà kò sì tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, kí ni kóòtù òkè máa ń wò?

Nínú agbo ilé wa n'Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnkà, bí ọ̀ràn bá kọjá agbára baálé tó di ti mọ́gàjí, tọ̀túntòsì á tún ẹjọ́ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ náà, wọ́n á wo ara rẹ̀, wọ́n á bi ará ilé léèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni kòtẹ́milọ́rùn rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin yìí dá kóòtù ẹbí sílẹ̀ ní ìpele méjì, ti májísíréètì àti ti kóòtù gíga. Ẹjọ́ a máa ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó tó dé Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn tó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn níbí. Ìjà lórí ta ni yóò tọ́jú ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, ní ọ̀nà tirẹ̀: Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ìbílẹ̀ ló ń lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé síwájú adájọ́ òkè.

Adájọ́ òkè kò rí ojú ẹlẹ́rìí, kò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe gbọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣàdédé yí ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ gbà gbọ́ padà. Yóò dá sí i bí ẹ̀rí kò bá gbe ìdájọ́ náà lẹ́sẹ̀, bí wọ́n bá fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì, tàbí bí wọ́n kò bá gbọ́ ẹnu ẹnìkejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan, Mogaji àti Odofin, ní 1978, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní kí adájọ́ gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kó wo èyí tó wúwo. Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n ń yẹ̀ wò lókè, tó sì ń gba òbí tí wọ́n parọ́ mọ́ náà là.

Ká ní aládùúgbò kan l'Ọ́jà'ba jẹ́rìí pé, "Wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọ yẹn." Kí ni adájọ́ òkè fẹ́ fi èyí ṣe? Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé, "Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, mo rí ojú iná áyọ́ọ̀nù lápá òsì rẹ̀. Ó ti lé ròrò. Èmi ni mo gbé e lọ sọ́sípítù," tí káàdì ọ́sípítù sì wà nínú fáìlì, ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbì kan. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò búra nìkan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í sì í búra. Bí kóòtù òkè bá torí èyí tú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ padà sílé rẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀daràn ń fẹ́ ẹ̀rí tó kọjá iyèméjì. Nínú ẹjọ́ ìdáàbòbò ọmọ, èyí tó wúwo jù ti tó.

Oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fẹ́ gbé ìdájọ́ ìkẹyìn lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn. Pípe ẹjọ́ náà nìkan kò sì dá àṣẹ tó wà nílẹ̀ dúró, àfi bí kóòtù bá ní kó dúró. Títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí, ọmọ ń dàgbà níbi tí àṣẹ àkọ́kọ́ fi í sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ni pé kí wọ́n fún àwọn kóòtù wa ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí adájọ́ yéé fọwọ́ kọ gbogbo ẹ̀rí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ di ọjọ́, ibi àti káàdì dókítà mú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí tán ní kóòtù àkọ́kọ́. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ de kòtẹ́milọ́rùn. Agbára káká ni wọ́n fi ń gba ẹ̀rí tuntun níbẹ̀.