Òkúta àti Táìsì fún Ìbòjú Síwíìṣì Mọ́sáláṣí: Ọ̀rọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé

  

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló kan Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé nínú ọ̀rọ̀ ìbòjú síwíìṣì nígbà tí òrùlé kò tíì parí. Ohun tó kàn wá ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, òun náà ló ń tẹ síwíìṣì fáànù. Iná 230 fóòtì kì í bá ọwọ́ tutù ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Mẹ́kà mọ òkúta funfun tó yí Kaaba ká, bó ṣe ń tutù lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn. Mábù Thassos ni, láti ilẹ̀ Gíríìsì. Àwa náà ní mábù nítòsí, ní Ìgbẹ́tì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀: ọ̀bẹ ń ha á, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, ó sì ń fa òógùn ọwọ́ mu. Níbi tí gbogbo èrò Jímọ̀ ń fọwọ́ kàn, kò ní pẹ́ dọ̀tí. Òkúta akọ le jù ú lọ, àmọ́ bí a bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí oníná wá fún síkúrù rẹ̀ jù, ó ti là nìyẹn.

Táìsì pọ́síléènì ni àwa fara mọ́. Amọ̀ tí a sun nínú iná líle ni. Bí ó bá wọn 100 kílò, omi tó lè fà mu kò ju ìdajì kílò lọ, iná kì í sì í gbà á kọjá. Ẹ̀yà amọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwo tí ẹ ń rí lórí òpó iná, tí wáyà gbé ara lé. Kí bíríkìlà máa fi omi sí i bó ti ń gé e, kí ó má baà sán. Síkúrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀, torí táìsì nípọn. Èyí tó bá kúrú yóò yọ, wáyà yóò sì yọjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹwà lásán ni ìbòjú yìí o. Síwíìṣì gidi ni yóò wà nínú rẹ̀, àpótí irin tó wà nínú ògiri sì gbọ́dọ̀ ní wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀.

Níbi àlùwàlá gan-an, kò sí òkúta tó lè gbà wá. Ẹ̀yìn ògiri ni síwíìṣì ibẹ̀ yóò wà, níbi tí omi kò lè ta dé.

Alhaja wa kan ti ṣèlérí mábù fún gbogbo ìbòjú síwíìṣì. A lọ bẹ̀ wọ́n pé kí mábù náà lọ sí ògiri ibi tí Lèmọ́mù ń dúró sí, níbi tí ọwọ́ kì í ti kàn án. Wọ́n gbà, wọ́n tún ṣàdúà fún wa. Owó táìsì ló kù báyìí. Akápò wà nídìí tábìlì apá ọ̀tún.