Ìbọn, Ẹnu àti Òfin ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Kókó tí ètò òní dá lé ni ewu tí ó wà nínú ìbọn níní, pàápàá ní etí òkun Ìlàjẹ. Láti Igbókòdá títí dé Ayétòrò àti Awóyè, ojú omi ni iṣẹ́ àti ìrìn-àjò. Bí ajalèlókun bá ká apẹja mọ́ lóru, ọlọ́pàá lè jìnnà. Abájọ tí àwọn mìíràn fi ń ronú àtira ìbọn.

Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba àṣẹ. Òfin ọdún 1984 sì sọ pé ẹni tí ó bá rú u yóò san ₦20,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Ẹni tí ó gba àṣẹ pàápàá níláti kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu. Àwọn àgbà ní, 'Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.' Ẹni tí ó ń fọ́nnu ní èbúté pé òun ní ìbọn ń júwe rẹ̀ fún olè. Bí ó bá sì fi kún un pé, 'Ẹni tó bá fọwọ́ kan àwọ̀n mi, òkú ni,' ó ti wá ẹlẹ́rìí sílẹ̀ de ara rẹ̀. Etí aládùúgbò ni kí a fi ìbọn pamọ́ fún. A kì í fi í pamọ́ fún òfin.

Bí ìkọlù bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Abala 286 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn gba ẹni tí a kọlù láìtọ́ láyè láti gbèjà ara rẹ̀ níwọ̀n tí ó yẹ. Bí ó bá ní ìdí láti bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn là, òfin kò dá a lẹ́bi bí olùkọlù bá tilẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yìnbọn lu olè tí ó ti yí ọkọ̀ padà tí ó ń sá lọ lè di apànìyàn.

Lẹ́yìn náà, ìbẹ̀rù lè mú kí ènìyàn ti òkú sómi, kí ó sì dákẹ́. Bí òkú bá léfòó, ta ni yóò gbà pé ara rẹ̀ ni ó gbèjà? Kí ó yára tọ ọlọ́pàá lọ pẹ̀lú ìbọn àti ìwé àṣẹ, kí ó sọ pé wọ́n kọlù òun, kí ó sì bèèrè agbẹjọ́rò kí ó tó dáhùn ìbéèrè. Abala 35 nínú Òfin Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọdún 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ yìí. Wọ́n lè tì í mọ́lé ná. Ilé ẹjọ́ nìkan ni yóò sọ bóyá ó jẹ̀bi.